Ìrẹ̀ Ẹ̀yìn Àmù àti Ààwẹ̀ Ìyá Àgbà

Ní aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàlá, ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú kan nínú òjò, ní ìlú Fìdítì, ìrẹ̀ tó wà lẹ́yìn àmù wa ké, Ìyá Àgbà sì jáde láti inú yàrá àdúrà wá ṣínu. Ohun tó burú nínú ọ̀rọ̀ yìí ni aago yẹn. Ilẹ̀ kì í ṣú ní aago márùn-ún ní Fìdítì. Mo mọ aago náà dájú nítorí pé ẹnì kan ṣoṣo tó ní aago ọwọ́ nínú agboolé wa, ìyẹn Tíṣà tó háyà yàrá ẹnu ọ̀nà, dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó wo ẹ̀yìn àmù, ó sì wo èmi. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Láti ìgbà náà mo ti jókòó níwájú àwọn olùkọ́ yunifásítì tí ojú wọn le bí òkúta, síbẹ̀ kò tíì sí ẹni tó wò mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ kí ọjọ́ Ajé tó dé, nítorí lọ́jọ́ Ajé Ìyá Àgbà fẹ́ kí n tún wá jókòó ti ìrẹ̀, obìnrin kan sì wà tí yóò jìyà tàbí kó bọ́ nínú ìyà nítorí ohun tí mo bá sọ tàbí ohun tí n kò sọ. Ẹ fara balẹ̀ fún mi. Mo máa ń ṣàlàyé ju bó ti yẹ lọ. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní bí mo bá fẹ́ bèèrè omi, mo ní láti kọ́kọ́ sọ bí òùngbẹ náà ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ìyá Àgbà ni ìyá tó bí bàbá mi. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, ìyá mi àti àwọn àbúrò mi wà lọ́dọ̀ rẹ̀, èmi ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí Fìdítì kí n máa ran ìyá lọ́wọ́. Ìrànlọ́wọ́ tí mo ṣe ni ẹ ó kà yìí. Láàárọ̀, ìró ìgbálẹ̀ ló ń jí mi, kì í ṣe àkùkọ, nítorí Ìyá Àgbà ti máa ń dìde gbàdúrà kí àkùkọ tó pinnu. Lẹ́yìn ìyẹn odó á bẹ̀rẹ̀ ní agboolé tó kàn wá, ewúrẹ́ á máa sunkún bí ẹni tí wọ́n jí lẹ́rù, a ó sì máa gbọ́ fèrè àwọn mọ́tò akẹ́rù tó ń lọ sí Ọ̀yọ́. Mo ní láti pọn omi kún àmù lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó lọ sílé ìwé. Aago ara ògiri kan wà ní pálọ̀, ti Bàbá Àgbà tó ti kú, àmọ́ ó ti dúró láti ọjọ́ tí ẹni tó ń yí i ti lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ yí i, Ìyá Àgbà á ní, "Ẹ fi í sílẹ̀. Òun náà ń ṣọ̀fọ̀." Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, oòrùn ló ń sọ àkókò fún un. Nígbà òjò tí ojú ọ̀run bá dúdú láti àárọ̀ dalẹ́, ìrẹ̀ ẹ̀yìn àmù ni. Ìrẹ̀ náà kì í ké títí ilẹ̀ yóò fi máa ṣú, bó bá sì ti ké, a ó kó adìyẹ wọlé, a ó tan àtùpà, a ó sì jẹun. Gbogbo ìrẹ̀ yòókù ní Fìdítì ni àwa ọmọdé ń wú nínú ihò tí a ń sun jẹ, èmi gan-an sì ti jẹ èyí tó pọ̀ débi pé mo rò pé wọ́n mọ orúkọ mi nínú ilẹ̀. Àmọ́ ti ẹ̀yìn àmù, èèwọ̀ ni. Tíṣà sọ nígbà kan pé òun lè máa bá Ìyá Àgbà wo aago ọwọ́ òun. Ìyá Àgbà dáhùn pé, "Tíṣà, aago yín, ẹ rà á ni. Ta ló ta ìrẹ̀ yìí fún mi? Ẹni tó dá ilẹ̀ ṣíṣú náà ló dá a."

Ọdún tí mò ń sọ yìí, àbúrò bàbá mi obìnrin, Àǹtí Mojí, wà nílé ọkọ rẹ̀ ní Ìlọrà pẹ̀lú oyún kẹta. Àwọn méjì àkọ́kọ́ kú lọ́jọ́ tí wọ́n bí wọn. Alàgbà kan nínú ìjọ Aládùúrà wa ní kí Ìyá Àgbà gba ààwẹ̀ ọjọ́ mọ́kànlélógún fún oyún náà, láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ìyá Àgbà pè mí sínú yàrá àdúrà ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Fèrèsé yàrá náà kì í ṣí, ojú Ìyá Àgbà fúnra rẹ̀ sì ti ń ṣe bàìbàì, bí ẹni tó ń wo ayé láti inú èéfín.

"Àbẹ̀kẹ́, etí rẹ dà?"

"Ó wà níbí, Ìyá Àgbà."

"Èmi á wà nínú ilé yìí, n kò ní í máa jáde wo ojú ọ̀run. Bí ìrẹ̀ bá ké, gbé ẹ̀kọ wá. Ọjọ́ tí mo bá fẹnu kan nǹkan kí ilẹ̀ tó ṣú, ọjọ́ yẹn kò sí nínú ìṣirò. Èyí tí mo ti gbà kọjá náà ti bàjẹ́ nìyẹn, mo máa tún un bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní. Ọmọ Mojí ni. Ṣé o gbọ́?"

Mo ní mo gbọ́. Mo sì gbọ́ lóòótọ́. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn, nítorí ó wù mí púpọ̀ láti sọ pé kò yé mi. Ohun tí mo tún gbọ́, tó sì dùn mí ju ọ̀rọ̀ ọmọ Àǹtí Mojí lọ, ni pé èmi náà kò ní í jẹ oúnjẹ alẹ́ kí Ìyá Àgbà tó ṣínu. Ẹ̀kọ àgbàdo tuntun àti àkàrà ni oúnjẹ ìṣínu náà. Bí mo bá ti ilé ìwé dé, mo máa lọ ẹ̀wà, mo máa po ògì, mo sì máa jókòó tì wọ́n títí ìrẹ̀ á fi ké. Ẹni tí kò bá tíì jókòó ti ẹ̀wà lílọ̀ fún wákàtí mẹ́ta ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, kó má dá mi lẹ́jọ́. Rárá o, ẹ dá mi lẹ́jọ́. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ebi ń pa mí nígbà tí ẹ bá ń dá a.

Ní ọjọ́ kejì ààwẹ̀ ni mo mú ìrẹ̀ náà. Mo fi í sínú ìgò ìpara tó fẹ̀ lẹ́nu, mo bu iyẹ̀pẹ̀ àti ewé díẹ̀ sí i, mo fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ so ó lórí, mo sì gbé e padà sẹ́yìn àmù kí ohùn rẹ̀ lè máa ti ibì kan náà wá. Èrò mi kò díjú: ìrẹ̀ ń ké bí ilẹ̀ bá ṣú, nítorí náà, màá bá a ṣú ilẹ̀. Bí mo ti ti ilé ìwé dé, mo dé ìṣaasùn dúdú bò ó mọ́lẹ̀. Mo jókòó. Mo ń wo ẹ̀wà, ẹ̀wà ń wò mí. Ìrẹ̀ kò sọ nǹkan kan. Inú òkùnkùn biribiri yẹn ló wà, kò pariwo, ó dúró títí di àkókò tó máa ń ké lójoojúmọ́ kó tó lanu. Ó dà bíi pé ó ní aago sápò. Mo bínú sí i gan-an. Mo rò pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ni.

Ọlọ́gbọ́n ọmọ á fi í sílẹ̀. Èmi ní orí kunkun, mo ń dé ìṣaasùn bò ó lójoojúmọ́. Ohun mìíràn tún wà tí mò ń ṣe láìní èrò burúkú kankan: nígbà tí Ìyá Àgbà bá jí gbàdúrà tí ó sì tan àtùpà, kí ojúmọ́ tó mọ́, mo máa ń gbé ìgò náà sún mọ́ iná láti wo ojú ìrẹ̀ mi, kí n sì fún un ní ewé tuntun. Mo ti sọ ọ́ lórúkọ. N kò ní í sọ orúkọ náà fún yín, ó ń tì mí lójú. Ní ọjọ́ kẹrin, ó dà bíi pé ó yára díẹ̀. Ní ọjọ́ kẹfà, ó ké nígbà tí àwọn adìyẹ ṣì ń jẹ̀ káàkiri. Ní ọjọ́ kẹjọ, ó ké nígbà tí àwọn ará agboolé kò tíì ti oko dé rárá. Bí Ìyá Àgbà bá bèèrè láti inú ilé pé, "Ilẹ̀ ti ṣú ni?" màá dáhùn pé, "Ìrẹ̀ ti ké, Ìyá Àgbà." Ẹ wò ó, n kò purọ́. Mo gbéra ga lórí ìyẹn nígbà náà, pé ẹnu mi mọ́. Òjò ń ṣú, ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ṣókùnkùn, ojú Ìyá Àgbà kò ríran dáadáa. Á jókòó sórí àpótí, á gbé igbá ẹ̀kọ sókè fún Ọlọ́run kó tó mu ún, ètè rẹ̀ á ti gbẹ, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n díẹ̀. Èmi á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí mò ń retí àkàrà.

Tíṣà kì í tètè ti pápá bọ́ọ̀lù dé, àmọ́ ní Ọjọ́rú yẹn, tó jẹ́ ọjọ́ kẹwàá, òjò lé wọn wálé. Bó ṣe dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nìyẹn tí ìrẹ̀ ké. Ó wo aago, ó tẹ̀ ba, ó ká ìṣaasùn kúrò, ó rí ìgò.

Ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Àbẹ̀kẹ́, aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàlá."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà."

"Kí lo fi kòkòrò yìí ṣe?"

"Mo bá a ṣú ilẹ̀ ni, sà."

Ìyá Àgbà ti jókòó sórí àpótí. "Tíṣà, ṣé ẹ̀yin nìyẹn? Ẹ wá bá mi mu ẹ̀kọ."

Mo rí i tí Tíṣà la ẹnu. Mo rí i tó wo ọwọ́ ìyá náà lára igbá. "Ẹ kú ààwẹ̀, Ìyá," ló sọ. "Ọlọ́run á gbọ́." Ó wá fà mí lọ sẹ́yìnkùlé, ó ní, "Bí mo bá sọ fún ìyá yẹn, á tún un bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní. Ara rẹ̀ kò lè gbé e, á kú. O gbọ́? Torí náà n kò ní í sọ. Àmọ́ dá ìrẹ̀ yẹn padà sí àkókò rẹ̀ lọ́la."

Lọ́la! Èmi àti Tíṣà, a rò pé bí ẹni ń yí ọwọ́ aago padà ni. Mo ká ìṣaasùn kúrò. N kò gbé ìgò sún mọ́ àtùpà mọ́. Mo gbé e sójú fèrèsé títí alẹ́ fi lẹ́. Ní Ọjọ́bọ̀, ó ké ní àkókò àná. Mo díbọ́n pé iná kò ràn.

"Àbẹ̀kẹ́, ìwọ kò gbọ́ ni? Ìrẹ̀ ti ké."

"Igi tutù, Ìyá Àgbà."

"Gbé ẹ̀kọ náà wá ní tútù. Èmi kọ́ ni mo ní kó gbóná."

Kí ló dé tí mi ò kàn ju ìrẹ̀ náà sígbó? Mo bi Tíṣà bẹ́ẹ̀. Ó ní bí ìrẹ̀ bá dákẹ́ láàárín ààwẹ̀, Ìyá Àgbà á ní nǹkan ti ṣe Mojí, á sì fẹsẹ̀ rìn lọ sí Ìlọrà lóru. Ní ọjọ́ Ẹtì, Tíṣà fúnra rẹ̀ gbé ìgò lọ sábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀, ó fi ẹ̀wù òtútù wé e. Ìrẹ̀ ké lábẹ́ ìrọ̀rí. Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín nínú ilé, ó ní, "Háà, ó ti ṣí lọ bá Tíṣà! Ó fẹ́ mọ̀wé kà," ó sì ṣínu. Tíṣà, ẹni tó ń kọ́ gbogbo ilé ìwé ní ìṣirò, jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ bí ẹni tó fìdí rẹmi. Díẹ̀díẹ̀ ni ìrẹ̀ náà ń padà sẹ́yìn, bí ọmọ tí wọ́n ń fà lọ sílé ìwé. Ó tó bí ọjọ́ kẹtàdínlógún kó tó bá ilẹ̀ ṣíṣú pàdé. Mo ti ṣírò rẹ̀ nínú ìwé mi léraléra: ó kéré tán, ọjọ́ mọ́kànlá nínú mọ́kànlélógún ni Ìyá Àgbà fẹnu kan ẹ̀kọ nígbà tí oòrùn ṣì wà lókè lẹ́yìn ìkùukùu. Mo jẹ́jẹ̀ẹ́ fún Ọlọ́run pé èmi á gba ọjọ́ mọ́kànlá náà dípò rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé kan. Kí wọ́n tó lu agogo ìsinmi kejì nílé ìwé, mo ti jẹ àgbàdo sísun. N kò tún un bẹ̀rẹ̀.

Láàárín àsìkò náà títí Àǹtí Mojí fi bímọ, n kò lè sùn dáadáa. Kì í ṣe ẹ̀rù nìkan. Ó dà bíi pé mo gbé nǹkan ẹlẹgẹ́ kan mì tí kò sì fọ́, tí mò ń dúró kó fọ́. Ní òwúrọ̀ kan, ọkùnrin kan gun kẹ̀kẹ́ ti Ìlọrà wá, ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀, ó sì ń pariwo láti òkèèrè pé, "Ọkùnrin ni! Ó ń ké! Ó ń mu ọmú!" Ìyá Àgbà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó dúró sí. Wọ́n sọ ọmọ náà ní Àdúràgbèmí. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Ìyá Àgbà dìde jẹ́rìí nínú ìjọ, ó ní, "Ọjọ́ mọ́kànlélógún, n kò fi ìṣẹ́jú kan rẹ́ Ọlọ́run jẹ!" Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Èmi ń ka páànù òrùlé.

Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí n tó mọ ohun tí mo ṣe. Ní yunifásítì, olùkọ́ wa ṣàlàyé pé kòkòrò kọ̀ọ̀kan ní aago nínú ara rẹ̀. Bí ẹ bá fi ìrẹ̀ sínú òkùnkùn, á ṣì máa ké ní nǹkan bí àkókò rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí temi kò fi ké ní ọjọ́ àkọ́kọ́ lábẹ́ ìṣaasùn. Ìmọ́lẹ̀ ló ń yí aago náà: bí ìmọ́lẹ̀ bá tètè dé láàárọ̀, tí òkùnkùn náà sì tètè dé nírọ̀lẹ́, aago á máa sún síwájú, àmọ́ díẹ̀díẹ̀ ni lójúmọ́, bó bá sì fẹ́ padà, díẹ̀díẹ̀ náà ni. Àtùpà àdúrà Ìyá Àgbà fúnra rẹ̀ wà lára ohun tí mo fi yí i. Mo bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún. Olùkọ́ bi mí bóyá ara mi kò yá. Mo ní, "Ìrẹ̀ ni, sà." Àwọn ọkùnrin kíláàsì wa pè mí ní Ìrẹ̀ títí a fi jáde.

Mo ti padà sí Fìdítì báyìí, mò ń dúró de lẹ́tà iṣẹ́. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń gé ìyẹ́ kòkòrò sí wẹ́wẹ́ lábẹ́ awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, n kò sì mọ bí mo ṣe lè wo ojú Ìyábọ̀. Ìyàwó káfíńtà tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé wa ni Ìyábọ̀. Ó gba ààwẹ̀ nígbà tó lóyún. Ní ọjọ́ karùn-ún èébì gbé e, ó mu ẹ̀kọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọmọ náà kú lọ́jọ́ tó bí i. Ìyá Àgbà, tó fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọ, jókòó tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì sọ ohun tó gbà gbọ́ tọkàntọkàn: "Ìyábọ̀, ìwọ kò dúró ni. Bí mo ti dúró fún Mojí, bí o bá dúró..." Láti ọjọ́ náà ni Ìyábọ̀ ti gbà pé òun ló pa ọmọ òun. Ó ti rù. Kí ó tó lóyún mìíràn, ó fẹ́ gba ọjọ́ mọ́kànlélógún tuntun, nínú yàrá àdúrà wa, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ Ajé.

"Àbẹ̀kẹ́ ló máa ṣọ́ ìrẹ̀," ni Ìyá Àgbà sọ. Ojú rẹ̀ ti fọ́ tán báyìí. "Ààwẹ̀ tí Àbẹ̀kẹ́ bá ṣọ́ kì í yẹ̀."

Ìrẹ̀ mìíràn ti wà lẹ́yìn àmù. Mo gbọ́ ọ lánàá.

Ẹ̀yin tó ń ka ìwé yìí, mo mọ ohun tí ó tọ́ kí n ṣe, mo sì mọ ohun méjì mìíràn tó dà bíi pé ó tọ́. Bí mo bá sọ fún Ìyábọ̀ pé ọjọ́ mọ́kànlá nínú ààwẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣe àpẹẹrẹ fún un ni wọ́n ṣínu rẹ̀ lójú ọ̀sán, tí Àdúràgbèmí sì wà láàyè tó ń ṣe jàgídíjàgan nílé ìwé ní Ìlọrà, á bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀bi yẹn lọ́jọ́ náà. Àmọ́ Ìyábọ̀ kò lè pa irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ra, Ìyá Àgbà á sì gbọ́. Ẹ̀rí yẹn ni gbogbo ohun tó ní. Ṣé kí n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí kò ríran mọ́? Ohun kejì ni kí n dákẹ́, kí Ìyábọ̀ sì máa ru ẹ̀bi rẹ̀ lọ. Tíṣà ti ṣí lọ sí ìlú mìíràn, n kò rí ẹni bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Èrò kẹta wà, ẹ má bínú sí mi: ìrẹ̀ ni Ìyá Àgbà ń gbọ́, Ìyá Àgbà ni Ìyábọ̀ ń gbọ́, èmi sì mọ bí wọ́n ṣe ń yí ìrẹ̀ dáadáa báyìí. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ lónìí, kó tó di ọjọ́ kẹfà ààwẹ̀, Ìyábọ̀ á ti máa jẹun ní aago márùn-ún.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta la wà. Mo ti fọ ìgò ìpara kan, mo gbé e sójú fèrèsé kó gbẹ. Ìyábọ̀ kọjá ní ẹ̀ẹ̀kan, ó rí i, ó bi mí pé, "Àǹtí, kí lẹ fẹ́ kó sí i?" Mo ní n kò tíì mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ̀yin bá mọ̀, ẹ sọ fún mi. Kí ni kí n kó sí i?